Sífù Dìfẹ́ǹsì tí kò gbé ìbọn: iṣẹ́ tí ará ìlú Amẹ́ríkà ṣe nígbà Ogun Hitler

Bí ẹ bá pe "Sífù Dìfẹ́ǹsì" létí ọmọ Nàìjíríà, àwọn tó máa wá sí i lọ́kàn ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó ń ṣọ́ páìpù epo, tó ń lé àwọn tó ń gé wáyà iná, tó sì ń gba owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dojú rú fún èèyàn tó bá kà á pé lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ogun Hitler, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ará Amẹ́ríkà ló wà nínú sífù dìfẹ́ǹsì tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó fẹ́ràn ìtàn ogun bi mí léèrè pé: "Ta ni gbogbo wọn wá ń bá jà? Ṣé Hitler dé New York ni?" Ìbéèrè rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Mi ò rí èsì gúnmọ́ fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí mo lọ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Èsì kúkúrú ni pé wọn kì í ṣe ọmọ ogun. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Ìbọn kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó ilé, tíṣà, onígbàjámọ̀, alápatà, akẹ́kọ̀ọ́, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n: ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tó jẹun tán, tó wá dé akoto funfun, tó mú tọ́ọ̀ṣì, tó sì jáde lọ wo òpópónà tirẹ̀. Èsì gígùn ló le díẹ̀, torí orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pe iṣẹ́ méjì tí kò jọra, àwọn tó sì wà nídìí ètò náà gan-an kò fẹnu kò lórí èwo ni ojúlówó nínú méjèèjì.

Tiwa náà kò kúkú fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ní 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ kan ní Èkó ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti la ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn. Òfin tó sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ lónìí kò jáde títí di 2003. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ti Amẹ́ríkà, kí ó mú ti Èkó 1967 yẹn sọ́kàn, kó gbàgbé ti ìdí páìpù epo.

Ìlú London ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1940 ni bàálù àwọn Jámánì ti ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé ìlú náà lórí, òru lórí òru. Edward R. Murrow ń ròyìn rẹ̀ láti ibẹ̀ lórí rédíò, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń gbọ́ ọ nínú pálọ̀ wọn. Ohun tó wọ̀ wọ́n lára ni pé kì í ṣe sójà ló ń pa iná lórí òrùlé, kì í ṣe sójà ló ń hú ọmọdé jáde lábẹ́ àwókù ilé. Aládùúgbò ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1941, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu ìwé tó dá Office of Civilian Defense sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó wà fún ààbò ará ìlú. Ẹ ṣàkíyèsí déètì yẹn. Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà náà. Ó ṣì ku oṣù mẹ́fà ó lé kí Japan tó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní erékùṣù Hawaii.

Ẹni tí Roosevelt fi ṣe olórí rẹ̀ ni Fiorello La Guardia, Mẹ́yọ̀ ìlú New York, ọkùnrin kúkúrú kan tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tó fẹ́ràn kó máa sáré tẹ̀lé mọ́tò panápaná lọ síbi tí iná bá ti sọ. Kò fi ipò Mẹ́yọ̀ sílẹ̀ o. Ó di méjèèjì mú, bí ẹni tó ń lé eku méjì. Lójú tirẹ̀, ààbò ìlú kò ju sáírìn, okùn omi, akoto àti iyanrìn lọ. Kí wọ́n ti kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń pa iná bọ́ǹbù, ó parí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ, wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀, kò sì gba owó. Ojú tí òun fi wo ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Bí bàbá bá lọ sójú ogun, tí ìyá sì wọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ogun, ta ni yóò tọ́jú ọmọ? Bí oúnjẹ kò bá tó, bí àìsàn bá ń jà, bí ará ìlú kò bá fọkàn tán ìjọba, kí ni wọ́n ń dáàbò bò? Ó fẹ́ kí ilé ìtọ́jú ọmọ, ètò oúnjẹ, ètò ìlera àti eré ìdárayá wà lábẹ́ orúkọ ààbò. La Guardia ka gbogbo ìyẹn sí ohun yẹpẹrẹ.

Ibi tí ìjà náà ti bẹ́ ya èèyàn lẹ́nu. Eleanor gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan síṣẹ́, oníjó kan tó ń jẹ́ Mayris Chaney, kó máa ṣètò eré ìdárayá fún àwọn ọmọdé, lówó dọ́là 4,600 lọ́dún. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 1942, Pearl Harbor ti ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ń rì lẹ́bàá òkun, àwọn aṣòfin wá gbọ́ pé wọ́n ń fi owó ogun san owó oníjó. Wọ́n figbe ta. Ilé aṣojú-ṣòfin dìbò pé kò gbọdọ̀ sí kọ́bọ̀ nínú owó ààbò ìlú tó máa lọ sọ́dọ̀ oníjó kankan. Eleanor kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù náà, La Guardia náà sì lọ. James Landis, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Harvard, ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Eleanor lọ tán, èrò rẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà padà ń fi ṣiṣẹ́, bí a ṣe máa rí i níwájú.

Kí n tó lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya àwọn kan sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń kó mọ́ ara wọn. National Guard jẹ́ ọmọ ogun. Ní 1940, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọ iṣẹ́ ogun gidi. Nígbà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí i pé ilé ti ṣófo, wọ́n dá State Guard sílẹ̀ láti dípò wọn. Àwọn wọ̀nyẹn gbébọn, abẹ́ gómìnà ni wọ́n sì wà. Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn kò sí nínú èyíkéyìí. Kò sí ẹni tó lè rán wọn lọ jagun, wọn kò sì lè mú ènìyàn sátìmọ́lé. Bí ẹnìkan bá kọ̀ láti pa iná ilé rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n pariwo mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn ni ọlọ́dẹ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní warden. (Kì í ṣe wọ́dà ẹlẹ́wọ̀n o.) Wọ́n pín ìlú sí ẹ̀ka kéékèèké, nǹkan bíi 500 ènìyàn nínú ẹ̀ka kan, wọ́n sì fi ọlọ́dẹ sí i. Àmì rẹ̀ wà lápá: róbótó aláwọ̀ aró, tí igun mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí ìlà pupa àti funfun sì wà nínú igun náà. Charles Coiner, ayàwòrán iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà, ló ya àmì yẹn. Nílé ọlọ́dẹ, garawa iyanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́bìrì ìkóyanrìn ọlọ́wọ́ gígùn wà níbẹ̀, àti fáànfù kékeré kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan máa ń wà nínú garawa omi. Bọ́ǹbù oníná tí wọ́n ń retí kì í ṣe èyí tó ń bú gbàù tó sì tán síbẹ̀. Màgnísíọ́mù ni, irin tó ń jó funfun báláú, tó sì máa ń fọ́n ká bí èèyàn bá kàn da omi lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí iyanrìn fi wà.

Ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ ọlọ́dẹ kò sí nínú garawa. Ó gbọ́dọ̀ mọ ilé kọ̀ọ̀kan: ta ló ń gbé ibẹ̀, yàrá wo ni wọ́n ń sùn, ta ni arọ, ta ni arúgbó tí kò lè sáré. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ilé bá wó, àwọn tó máa hú ilẹ̀ kò ní ráyè bi ẹnikẹ́ni. Ọlọ́dẹ ló máa tọ́ka sí igun tí ìyá àgbà máa ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní New York tàbí Chicago, níbi tí èèyàn ti lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún ọdún mẹ́wàá kó má mọ orúkọ ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Lálẹ́ ìdánrawò, báyìí ló ṣe ń rí. Àṣẹ kọ́kọ́ máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun pẹ̀lú àwọ̀: yẹ́lò, tó jẹ́ àṣírí, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà pupa, ìyẹn ni pé ọ̀tá ti súnmọ́lé, funfun sì ni pé ó ti tán. Bí sáírìn bá ké, ọlọ́dẹ á jáde. Iná òpópónà á kú. Ọkọ̀ á dúró. Kọ́tìnì dúdú á bọ́ sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ku ẹyọ iná kan tí ń yọ nínú ilé ìdáná àjà kẹta, ọlọ́dẹ á sì gbójú sókè, á fi ohùn rara pè pé kí wọ́n pa á. Ẹni tó bá ń mu sìgá lẹ́nu ọ̀nà, á ní kó sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn wákàtí kan, iná á padà tàn, gbogbo wọn á lọ sùn torí iṣẹ́ òwúrọ̀. Bọ́ǹbù kankan kò já bọ́ lóru náà, kò sì já bọ́ ní òru tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ewu kankan wà nígbà náà? Ó wà, àmọ́ kì í ṣe níbi tí wọ́n ń wò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń retí rẹ̀ kọ́kọ́ dá ìpayà ńlá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi Japan kan yọrí lẹ́bàá Ellwood, nítòsí Santa Barbara ní California, ó sì yìnbọn sí àwọn kànga epo tó wà létí òkun. Kò ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kejì, tó mọ́ ọjọ́ 25, sáírìn ké ní Los Angeles, àwọn ológun sì rò pé bàálù ọ̀tá ti dé. Wọ́n yin ọta àgbá tó lé ní 1,400 sójú ọ̀run. Iná àgbá tàn kálẹ̀ bí mànàmáná. Àfọ́kù irin ń já bọ́ sórí ilé àti sórí mọ́tò. Ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí bàálù kankan tó jábọ́, torí kò sí bàálù ọ̀tá kankan lókè. Àwọn tó kú kú nítorí jàǹbá mọ́tò nínú òkùnkùn àti nítorí ọkàn tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ojú ọ̀run lásán ni wọ́n bá jà mọ́jú.

Bàálù ọ̀tá kan ṣoṣo ló padà wá ju bọ́ǹbù sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ńlá, ìyẹn láìka àwọn erékùṣù rẹ̀. Nobuo Fujita ló wà á. Ní oṣù Kẹsàn-án 1942, wọ́n ti orí ọkọ̀ abẹ́ omi gbé bàálù rẹ̀ kékeré fò, ó sì sọ bọ́ǹbù oníná sínú igbó lẹ́bàá ìlú Brookings ní Oregon, pẹ̀lú èrò pé igbó náà á jóná ràn dé ìlú. Òjò ti rẹ igbó náà. Àwọn tó ń ṣọ́ iná igbó rí èéfín, wọ́n sì lọ pa á. Ní 1962, ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Brookings pe Fujita wá ṣàlejò, ó sì mú idà àjogúnbá ìdílé rẹ̀ wá, ó fi ta ìlú náà lọ́rẹ.

Ewu gidi wà lẹ́yìn etíkun, ní ìhà ìlà-oòrùn, iná mànàmáná sì ni ohun ìjà tí ọ̀tá ń lò láìná kọ́bọ̀. Láti oṣù Kìíní 1942 ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ti dé etíkun Atlantic. Wọ́n kàn dúró sínú òkun lóru, wọ́n kọjú sí etíkun. Iná Miami, ti Atlantic City àti ti New York ń tàn yòò lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá, ọkọ̀ náà á sì hàn dúdú kedere bí òjìji lára ògiri. Ohun tó kù ni kí wọ́n yìnbọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ epo ló jóná lójú àwọn tó dúró sórí iyanrìn. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò ìlú afẹ́ kan kò fẹ́ pa iná. Wọ́n ní ìgbà tí àlejò ń wá nìyí, òkùnkùn á lé wọn lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Níbí, wọ́n sọ fún un, kò gbọ́, àwọn atukọ̀ ni hẹ̀rẹ̀huru náà ń pa.

Níbí ni ohun méjì kan ti máa ń rú àwọn òǹkàwé lójú. Òkùnkùn biribiri tí mo sọ lókè, blackout, ìdánrawò ni. Wákàtí kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà iná padà. Dimout yàtọ̀. Ìyẹn jẹ́ dídín iná kù lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ní etíkun, kí ọkọ̀ má baà hàn. Ní ìgbà ìrúwé 1942, iná ìpolówó Times Square kú, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ìlàjì òkè iná mọ́tò, wọ́n sì bo iná òpópónà láti òkè. Àwọn ọlọ́dẹ kan náà ló ń lọ láti ilé dé ilé láti rí i pé ó ṣẹ. Ìwé ìtàn kì í sábà pe ìyẹn ní iṣẹ́ akọni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí ọlọ́dẹ àdúgbò ti ràn ogun lọ́wọ́ ní tòótọ́, ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí.

Àwọn mìíràn wà tó ń wo òkè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa tó bá wọn mu ni alóre. Ó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ alóre tó ń jókòó ní ibi ìṣọ́ tó tó 14,000: orí ilé gogoro ìjọ, orí òkè, ahéré láàárín oko. Wọ́n ń wo bàálù, wọ́n ń kà á. Bí ọ̀kan bá kọjá, alóre á gbé fóònù, á sọ pé "Army flash", òṣìṣẹ́ tẹlifóònù á sì gba ọ̀nà fún un lójú ẹsẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn kan níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọ̀pá ti àmì káàkiri lórí máàpù ńlá. Báwo ni àgbẹ̀ kan ṣe máa mọ bàálù Jámánì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà? Àwọn ọmọléèwé ló yanjú ìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, àwọn ọmọ ogun ojú omi ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbẹ́ bàálù igi 500,000, kí ẹsẹ̀ bàtà kan lára rẹ̀ dúró fún 72 lára bàálù gidi. Tí ẹ bá gbé irú bàálù igi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 35, bó ṣe máa rí lójú yín ni bàálù gidi ṣe ń rí láti ìdajì máìlì. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi nínú kíláàsì ló ń kọ́ àgbà bí a ṣe ń mọ ọ̀tá.

Àwọn tó súnmọ́ ojú ogun jù nínú gbogbo wọn ni Civil Air Patrol, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1941, ọjọ́ mẹ́fà péré ṣáájú Pearl Harbor. Àwọn tó ní bàálù kékeré tiwọn, tí wọ́n ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀, ló kó o wá. Láti 1942 di 1943 ni wọ́n ń fò lórí òkun láti wá ọkọ̀ abẹ́ omi, wọ́n sì ṣírò pé wọ́n rí 173. Nígbà tó yá, wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ ikùn àwọn bàálù yẹn. Owó oúnjẹ dọ́là 8 ni wọ́n ń fún awakọ̀ lójúmọ́ tó bá fò, èyí tí kò sì pọ̀ tó láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó lé ní 60 nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí tó kú lẹ́nu iṣẹ́ kí ogun tó parí. Ní Chicago, Willa Brown, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwakọ̀ òfurufú ṣáájú ogun, di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ náà ní 1942. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ mú wa dé ibi tí àlàyé ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń fò kọjá. Ta ni wọ́n ka sí ará ìlú nínú "ààbò ará ìlú"? Àwọn aláwọ̀ dúdú yọ̀ǹda ara wọn bíi ti ẹlòmíràn. Ìjọba gba Crystal Bird Fauset sí iléeṣẹ́ ààbò náà láti mójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, Red Cross kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Láti oṣù Kìíní 1942 ni wọ́n tó ń gbà á, wọ́n sì ń kó o sí ọ̀tọ̀ kí ó má baà kan ti aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ Charles Drew, dókítà aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tó fi ọ̀nà ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà hàn wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà, Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, gbé ìpolongo "Double V" jáde: ìṣẹ́gun lórí ọ̀tá lókè òkun, ìṣẹ́gun lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nílé. Ní oṣù yẹn kan náà ni Roosevelt buwọ́ lu àṣẹ tí wọ́n fi kó nǹkan bíi 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Japan kúrò ní etíkun Pacific lọ sí àgọ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Nínú ìwé orúkọ tí ọlọ́dẹ ń mú lọ sí òpópónà rẹ̀, àwọn ilé kan ṣàdédé ṣófo, kì í sì í ṣe bọ́ǹbù ló lé wọn jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Eleanor. Nígbà tó di 1943, tó ti ń hàn pé bàálù ọ̀tá kò ní dé, iṣẹ́ tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ti di ti inú ilé ìdáná. Rọ́bà ló kọ́kọ́ mú un le. Japan ti gba Malaya àti àwọn erékùṣù tí ilẹ̀ Netherlands ń jọba lé nígbà náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rọ́bà ayé ti ń wá. (Ìdí kan náà nìyí tí rọ́bà Nàìjíríà fi ṣe pàtàkì lójú Gẹ̀ẹ́sì lásìkò yẹn.) Ní oṣù Kẹfà 1942, Roosevelt ní kí gbogbo èèyàn kó rọ́bà àlòkù wá sí ilé epo, sẹ́ǹtì kan fún ìwọ̀n páùn kan. Wọ́n kó táyà, bàtà òjò, ẹní ẹsẹ̀, okùn omi ọgbà, títí dé kọ́sẹ́ẹ̀tì àwọn ìyá àgbà. Ó lé ní 400,000 tọ́ọ̀nù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò wúlò tó bí wọ́n ṣe rò, ṣùgbọ́n òǹkà yẹn sọ nǹkan nípa wọn.

Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù nínú páànù ìdínran, wọ́n ń sẹ́ ẹ sínú agolo, wọ́n ń gbé e lọ fún alápatà, torí gilisẹrín inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ètù. Òwú ewéko kan tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní milkweed, àwọn ọmọdé ń já a sínú àpò alùbọ́sà, òun ni wọ́n fi ń kún ẹ̀wù tó ń gbé atukọ̀ léfòó. Àpò méjì tó ẹ̀wù kan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ọgbà ẹ̀fọ́ ló wà kiri ẹ̀yìnkùlé àti pápá ìṣeré.

Ohun kan wà tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ìwé kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé iwájú, tí lẹ́tà V ńlá wà lórí rẹ̀. V-Home ni wọ́n ń pè é. Èèyàn kò lè rà á. Ilé gbọ́dọ̀ tóótun: kí wọ́n máa gbọ́ràn sí ọlọ́dẹ lẹ́nu, kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ, aṣọ àti ọkọ̀ lò, kí wọ́n máa kó àlòkù jọ, kí wọ́n máa ra ìwé owó ogun, kí wọ́n sì kọ̀ láti tan àhesọ tó lè pín ìlú níyà. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ló jẹ mọ́ bọ́ǹbù. Ìyókù ni ohun tí La Guardia ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ọlọ́dẹ tó dé akoto La Guardia ló sì ń lọ láti ilé dé ilé láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bọ́ǹbù kan padà wá, ó wá nígbà tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ mọ́. Láti oṣù Kọkànlá 1944, Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tú bàlúùnù bébà ńláńlá sílẹ̀, tí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́, kí afẹ́fẹ́ òkè gbé wọn kọjá òkun Pacific. Ó lé ní 9,000. Àwọn díẹ̀ dé. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ìwé ìròyìn àti rédíò má sọ nǹkan kan, kí Japan má baà mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu ní ti ogun. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ láti 1941 bí bọ́ǹbù ṣe rí àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá rí i, kò mọ̀ pé irú èyí wà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1945, ọjọ́ mẹ́ta kí ogun tó parí ní Yúróòpù, pásítọ̀ kan kó ìyàwó rẹ̀ tó lóyún àti ọmọ márùn-ún láti kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi lọ gbafẹ́ nínú igbó lẹ́bàá Bly, ní Oregon. Ó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí nígbà tí àwọn yòókù rí nǹkan funfun kan nílẹ̀, wọ́n sì lọ wò ó. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú. Àwọn nìkan ni ọ̀tá fi bọ́ǹbù pa lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ńlá nínú gbogbo ogun náà. Lẹ́yìn ikú wọn ni ìjọba tó wá là á yé ará ìlú pé tí wọ́n bá rí bàlúùnù nínú igbó, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti iléeṣẹ́ ààbò ará ìlú pa.